Ìrìn Àjò sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Mercedes-Benz ní Stuttgart: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Èèyàn Mọ̀ Kí Ó Tó Gbéra

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò sí òkè òkun ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìbáà ṣe mẹkáníìkì, awakọ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì tàbí oníṣòwò ẹ̀yà ara ọkọ̀, lè pinnu pé òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ibi tí ọkọ̀ Mẹ̀sí ti ṣẹ̀ wá. Ó lè ti fi ọdún mẹ́ta tu owó jọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá gúnlẹ̀ sí ìlú Stuttgart ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ó sì jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni bàálù yóò gbé e padà sílé, ilẹ̀kùn títì ni yóò bá, nítorí pé wọn kì í ṣí ibẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Owó ti lọ, ọjọ́ orí físà ti ń tán, ojú kò sì rí ohun tí ó tìtorí rẹ̀ kúrò nílé.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa to irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ọjọ́ tí èèyàn yóò wọ inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ni yóò kọ́kọ́ yàn. Ọ̀rọ̀ físà ni yóò tẹ̀lé e. Owó bàálù ni yóò kẹ́yìn. Àlàyé tí ó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Mercedes-Benz ní ìlú Stuttgart, lórílẹ̀-èdè Jámánì: ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ohun tí ó so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ wa, àti ọ̀nà tí èèyàn lè gbà dé ibẹ̀ láì fi owó ṣòfò.

Bí ilé náà ṣe rí

Òpópónà tí wọ́n ń pè ní Mercedesstraße, ojúlé 100, ni ilé náà wà, lẹ́bàá ọgbà iṣẹ́ ńlá tí iléeṣẹ́ náà ní sí Untertürkheim. Oṣù karùn-ún ọdún 2006 ni wọ́n ṣí i fún aráyé. Ben van Berkel, ayàwòrán ilé tí ó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, àti iléeṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ UNStudio ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Àjà mẹ́sàn-án ni ó ní. Ọkọ̀ tí wọ́n pàtẹ sínú rẹ̀ tó 160, bí a bá sì ka àwọn ohun èlò yòókù mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ lé ní 1,500.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìsàlẹ̀ ni àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀ tí yóò sì máa gòkè. Ti ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ agbéniròkè ni yóò gbé e lọ sí òkè téńté, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti máa fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọ̀nà méjì ni ó wà, wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn bí okùn tí wọ́n hun pọ̀. Ọ̀kan ń sọ ìtàn iléeṣẹ́ náà láti ọdún 1886, yàrá méje ni ó pín sí. Èkejì kò tẹ̀lé ọdún rárá. Irú iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ni ó tẹ̀lé, yàrá márùn-ún ni òun náà sì ní. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ akérò wà lọ́tọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù lọ́tọ̀, ọkọ̀ àwọn tí ń ran ìlú lọ́wọ́ bíi panápaná lọ́tọ̀, àti ọkọ̀ àwọn ẹni ńlá lọ́tọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Póòpù John Paul Kejì ní ọdún 1980, tí ó fi ń dúró nínú gíláàsì kí àwọn èèyàn, wà lára ti àwọn ẹni ńlá. Bí ọ̀nà méjèèjì ṣe ń pàdé ara wọn, àlejò lè bọ́ sí èyí tí ó bá wù ú nínú wọn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í fiyè sí. Àárín ilé náà ṣí sílẹ̀ gbayawu láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí náà èéfín lè tètè kún un bí iná bá ṣẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe sí i ni pé wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ògiri. Bí èéfín bá wà, àwọn ẹ̀rọ náà yóò dá ààjà sílẹ̀ ní àárín ilé, èyí tí gíga rẹ̀ lé ní 34 mítà, ààjà náà ni yóò sì fa èéfín gba òkè jáde.

Ìtàn tí àwọn ọkọ̀ náà ń sọ

Ẹṣin ni àlejò yóò kọ́kọ́ rí bí ó bá jáde nínú ẹ̀rọ agbéniròkè. Wọ́n gbé e síbẹ̀ kí èèyàn lè rántí ohun tí aráyé ń gùn kí ọkọ̀ tó dé.

Lẹ́yìn ẹṣin ni ọkọ̀ Carl Benz. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1886 ni Benz, tí ń gbé ìlú Mannheim, forúkọ ìhùmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Jámánì, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 37435. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni ọkọ̀ náà ní. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó ti ẹṣin kan ṣoṣo, eré tí ó lè sá kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 16 ní wákàtí kan. Àwọn èèyàn kò kà á sí.

Ìyàwó rẹ̀, Bertha, ni ó là wọ́n lójú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, láìsọ fún ọkọ rẹ̀, ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, sínú ọkọ̀ náà, ó sì wà á láti Mannheim lọ sí Pforzheim tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọ̀nà náà lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Kò sí ilé epo kankan láyé ìgbà náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ilé ìtajà oògùn kan ní Wiesloch ni ó ti ra ohun tí ó fi ṣe epo. Nígbà tí ìdọ̀tí dí ọ̀nà epo, pín-ìnnì fìlà rẹ̀ ni ó fi yọ ọ́. Nígbà tí bíréèkì ń jẹ, ó ní kí oníṣẹ́ bàtà kan gbá awọ mọ́ ọn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn sọ pé ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rin ọ̀nà jíjìn. Mẹkáníìkì tí ó bá dúró níwájú ọkọ̀ náà yóò mọ̀ pé ọgbọ́n kí a fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ tún ọkọ̀ ṣe lójú ọ̀nà kò bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ní àsìkò kan náà, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀ ní Cannstatt, nínú ilé kékeré kan tó wà ní ọgbà Daimler. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sórí kẹ̀kẹ́ onígi ní ọdún 1885, wọ́n sì gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní 1886. Orúkọ Mercedes kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn nígbà náà. Oníṣòwò kan tí ń gbé ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé, Emil Jellinek, ni ó ń ra ọkọ̀ Daimler tà, orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, Mercédès, ni ó sì fi ń pe àwọn ọkọ̀ náà. Ní ọdún 1902 ni iléeṣẹ́ Daimler fi òfin de orúkọ yìí pé tiwọn ni. Wọ́n fi òfin de ìràwọ̀ onígun mẹ́ta ní 1909. Ọdún 1926 ni iléeṣẹ́ Benz àti ti Daimler, tí wọ́n ti ń bá ara wọn díje tipẹ́, wá di ọ̀kan ṣoṣo.

Ìtàn náà ní ibi tí ó korò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iléeṣẹ́ Daimler-Benz ṣe ohun èlò ogun fún ìjọba Hitler, wọ́n sì fi tipátipá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láti ilẹ̀ mìíràn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá dé yàrá kẹta, tí ó dá lórí ọdún 1914 sí 1945, kí ó má kàn wo ẹwà ọkọ̀ nìkan kọjá.

Yàrá keje, nísàlẹ̀, ni ti ọkọ̀ ìdíje. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Stirling Moss, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi ọkọ̀ 300 SLR tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 722 borí nínú ìdíje Mille Miglia ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 1955. Wákàtí 10, ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48 ni ó fi sá a. Ọdún kan náà ni ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ yẹn fò wọ àárín òǹwòran ní Le Mans, tí èèyàn tí ó lé ní 80 sì kú. Ní òpin ọdún náà, iléeṣẹ́ náà fi ìdíje ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí náà ni wọ́n ti gbé ọ̀kan nínú ọkọ̀ 300 SLR méjì tí wọ́n ṣe oníbòrí lu gbàǹjo ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2022. Mílíọ̀nù 135 owó Yúrò ni wọ́n tà á, kò sì sí ọkọ̀ tí gbàǹjo rẹ̀ tíì tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ìgbà náà. Iléeṣẹ́ náà kò ta èkejì rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ilẹ̀ wa

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti dàgbà tí kò gbọ́ orúkọ Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ rí. Nígbà kan, ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tí ń fẹ́ atẹ́gùn tútù bí ọyẹ́ ti di gbajúmọ̀ láàrin ìlú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọlọ́lá nìkan ni ọkọ̀ yìí sìn. Lọ́rì 911 ni ó ń kó iyanrìn, pákó, iṣu àti kòkó láti ìgbèríko wá sí ìlú. Orí irú férémù àti ẹ́ńjìnnì lọ́rì yẹn ni àwọn oníṣẹ́ irin ní Èkó ti ń kan páànù mọ́, tí wọ́n ń to àga sí, tí ó sì di mólúè. Ní Emene, lẹ́bàá Enúgù, wọ́n dá iléeṣẹ́ ANAMMCO sílẹ̀ ní ọdún 1977 láti máa to ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì Mercedes pọ̀ ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, yàrá ọkọ̀ akérò àti ti ọkọ̀ akẹ́rù ni ó yẹ kí ará ilẹ̀ wa fi ọkàn sí jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ìdíje ni ọ̀pọ̀ àlejò ń sáré lọ. Láàrin àwọn ọkọ̀ akérò ni bọ́ọ̀sì kan wà láti ìlú Buenos Aires ní ilẹ̀ Argentina, tí wọ́n ń pè ní LO 1112. Férémù Mercedes ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà ni wọ́n sì kan ara rẹ̀, tí wọ́n fi oríṣiríṣi ọ̀dà àti ọnà ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá ti wọ mólúè rí láti Òṣòdì dé Ọbáléńdé yóò mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ni pé wọ́n gbé ti Argentina sábẹ́ iná ní Stuttgart pé kí aráyé wá wò ó, nígbà tí àwọn alájẹkù irin ti gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ mólúè tiwa sí wẹ́wẹ́.

Ọkọ̀ mìíràn tí àwọn awakọ̀ yóò fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀ ni takisí 240 D kan. Gregorios Sachinidis, awakọ̀ takisí ní ìlú Thessaloniki ní ilẹ̀ Gíríìsì, ni ó ni ín. Ọkọ̀ náà rin mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta kìlómítà, èyíinì ni 4,600,000, kí ó tó fi í fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ní ọdún 2004. Àṣírí rẹ̀ kò ju pé ó ń tọ́jú rẹ̀ déédéé.

Ohun kan ṣe pàtàkì níbí o. Ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ náà ní nípamọ́ lé ní 1,000, àwọn bíi 160 péré ni wọ́n sì ń pàtẹ. Wọ́n máa ń pààrọ̀ wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan pàtó ni ó wu èèyàn láti rí, kí ó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó lọ.

Físà àti ìwé ìrìnnà

Ẹni tí ó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, Benin tàbí Togo gbọ́dọ̀ gba físà Schengen kí ó tó lè wọ Jámánì. Ẹni tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ṣùgbọ́n tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bọ́ nínú èyí. Ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rọ́pò físà, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti kọ̀wé béèrè fún un. Ní ti àwọn tí wọ́n ti di ọmọ onílùú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà tàbí Brazil, wọ́n lè lọ láìsí físà bí wọn kò bá ní lò ju 90 ọjọ́ nínú 180 ọjọ́.

Òfin Schengen sọ pé èèyàn lè kọ̀wé béèrè bí ìrìn àjò bá ku oṣù mẹ́fà, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó ku iye tí kò tó 15 ọjọ́. 15 ọjọ́ ni wọ́n fi ń dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n lè fà á dé 45. Bí ọ̀ràn ṣe rí ní ilẹ̀ wa, rírí ọjọ́ tí wọn yóò gbà èèyàn wọlé láti fi ìwé sílẹ̀ gan-an lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ni ọlọ́gbọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2024 ni owó físà ti di 90 owó Yúrò fún àgbàlagbà, àti 45 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí ọmọ ọdún 11. Bí wọ́n bá fún èèyàn ní físà, bí wọn kò sì fún un, owó náà kì í padà. Lára ohun tí wọn yóò béèrè ni:

- ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ yóò ṣì ku oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tí èèyàn yóò kúrò níbẹ̀, tí ojú ewé méjì sì ṣófo nínú rẹ̀;
- ìwé adójútòfò fún ìtọ́jú àìsàn, tí kò dín ní 30,000 owó Yúrò;
- ẹ̀rí ibi tí èèyàn yóò dé sí àti bí yóò ṣe lọ tí yóò sì bọ̀;
- ìwé báńkì tí ó fi hàn pé owó ìrìn àjò wà;
- ẹ̀rí iṣẹ́ tàbí òwò, ìwé ìyọ̀ǹda ìsinmi láti ibi iṣẹ́, àti ohun mìíràn tí ó fi hàn pé èèyàn yóò padà sílé.

Kókó kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni kí gbogbo ìwé sọ ohun kan náà. Bí èèyàn bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ni òun ń lọ wò ní Stuttgart, kò yẹ kí ìwé hòtẹ́ẹ̀lì máa sọ pé Páríìsì ni yóò sùn. Ilẹ̀ tí èèyàn yóò ti lo ọjọ́ jù ni ó gbọ́dọ̀ béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí ó ka ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì bá iye owó tí ń bẹ ní báńkì mu, sàn ju àpò ìwé jànràn-jànràn lọ. Ayédèrú ìwé ni èèyàn gbọ́dọ̀ sá fún bí ẹní sá fún iná, nítorí pé bí àṣírí bá tú, ó lè di ìlẹ̀kùn ilẹ̀ Yúróòpù pa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí wọn kò bá fún èèyàn ní físà, wọn yóò kọ ìdí rẹ̀ fún un. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Jámánì pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n ti fòpin sí èyí. Ohun tí ó kù ni kí èèyàn tún ìwé rẹ̀ ṣe, kí ó san owó mìíràn, kí ó sì tún béèrè, tàbí kí ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ní Jámánì. Ìdí nìyí tí kò fi bọ́gbọ́n mu kí a ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí owó rẹ̀ kì í padà kí físà tó jáde. Ẹ gba ààyè sílẹ̀ nìkan. Ẹ má tíì san owó.

Yíyan ọjọ́

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí dé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ti di aago márùn-ún, wọn kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Ní àsìkò Kérésìmesì àti ọdún tuntun, àwọn ọjọ́ kan wà tí wọn kì í ṣí. Kí èèyàn wo iye owó ìwọlé àti ọjọ́ ìsinmi lórí ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì wọn ní ọ̀sẹ̀ tí ó fẹ́ gbéra.

Ohun méjì mìíràn lè da ètò rú. Èkíní ni bọ́ọ̀lù. Pápá ìṣeré VfB Stuttgart kò jìnnà sí ilé náà rárá, nítorí bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú irin máa ń kún àkúnfàya lọ́jọ́ ìdíje. Èkejì ni ọdún àjọ̀dún Cannstatter Volksfest, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1818. Ìparí oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kẹwàá ni ó máa ń bọ́ sí, owó hòtẹ́ẹ̀lì a sì gbówó lórí. Ẹni tí kò lè fara da òtútù, oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni ó dára fún un.

Ohun tí ó dára jù ni kí èèyàn fi ọjọ́ méjì tí wọ́n ń ṣí ilé náà sínú ètò rẹ̀. Bí bàálù bá pẹ́, tàbí bí ara kò bá dá lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ kejì yóò gbà á sílẹ̀.

Bí èèyàn ṣe lè dé ibẹ̀

Ọ̀nà tí ó rọrùn láti Èkó ni kí èèyàn wọ bàálù lọ sí Frankfurt. Ní pápákọ̀ òfurufú náà gan-an ni ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré ti ń gbéra lọ sí Stuttgart; ìrìn wákàtí kan àti díẹ̀ ni. Ẹni tí bàálù bá gbé dé pápákọ̀ òfurufú Stuttgart fúnra rẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro, S2 tàbí S3, lọ sí ibùdókọ̀ ńlá tí ń jẹ́ Hauptbahnhof. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹ̀ka ẹnubodè ní Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwòrán ojú àti ìka ọwọ́ àlejò sínú kọ̀ǹpútà. Kí èèyàn má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tí wákàtí rẹ̀ há pinpin, nítorí ìlà lè gùn.

Láti Hauptbahnhof, S1 ni yóò wọ̀. Ibùdókọ̀ kejì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Neckarpark, ni yóò ti bọ́ọ́lẹ̀, yóò sì fẹsẹ̀ rìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń ṣe àtúnkọ́ ńlá sí Hauptbahnhof, èyí sì máa ń mú kí wọ́n dá ọkọ̀ kan dúró tàbí kí wọ́n yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Abèèrè kì í ṣìnà: kí èèyàn béèrè ní ibùdókọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Lílo àkókò nínú ilé náà

Wákàtí méjì kò tó. Kí èèyàn fi mẹ́ta sí mẹ́rin sílẹ̀, kí ó sì tètè dé. Ẹ̀rọ àgbọ́sétí tí ń ṣàlàyé wà ní oríṣiríṣi èdè, Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn, owó rẹ̀ sì ti wà nínú owó ìwọlé. Èèyàn lè ya fọ́tò fún ìlò ara rẹ̀. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kò níláti bẹ̀rù, nítorí pé ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ẹ̀rọ agbéniròkè sì wà. Bàtà tí ó rọ̀ ni kí ó wọ̀, kì í ṣe bàtà òde àríyá.

Kí èèyàn mú ohun mẹ́ta tí ó wù ú láti rí jù, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀ nílé. Mẹkáníìkì lè mú 260 D ti ọdún 1936, tí ó wà lára àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tí ń lo díísù tí wọ́n ṣe tà fún gbogbo èèyàn. Awakọ̀ lè mú yàrá karùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ààbò, pẹ̀lú bíréèkì ABS tí ó wọ ọkọ̀ wọn ní ọdún 1978. Ẹni tí ó kàn ń wo gbogbo rẹ̀ gààràgà, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé àárín.

Bí àyè bá ṣì wà

Ọgbà Daimler tí ó ti ṣiṣẹ́ àkọ́kọ́ wà ní Bad Cannstatt, kò jìnnà. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Porsche, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, wà ní Zuffenhausen ní ìlú Stuttgart kan náà, ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì ń ti tiwọn pẹ̀lú. Ọkọ̀ ojú irin S6 ń lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ní ibùdókọ̀ Neuwirtshaus. Ẹni tí ìtàn Bertha Benz bá wọ̀ lọ́kàn lè lọ sí Ladenburg, nítòsí Mannheim, níbi tí wọ́n ti sọ iléeṣẹ́ àtijọ́ tí Benz dá sílẹ̀ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní ṣókí, kí èèyàn yan ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Ajé, kí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ físà ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú, kí gbogbo ìwé rẹ̀ sọ ohun kan náà, kí ó sì san owó bàálù nígbà tí físà bá ti wà lọ́wọ́. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko baba ẹni tí ó tó ti baba òun. Ẹni tí ó bá dé oko yìí yóò rí i pé lọ́rì àti bọ́ọ̀sì tí àwọn èèyàn lásán fi jẹun yẹ ní pípamọ́ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọba. Bóyá nígbà tí ó bá padà sílé, yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ta 911 baba rẹ̀ fún alájẹkù irin.